Kó jáde, kó lọ síbo?

Ẹ má bínú sí mi o, ó ti tó oṣù méjì tí mi ò ti kọ nǹkan kan síbí. Iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn, ẹ ṣáà mọ̀ pé tọ́dún bá ti ń parí lọ báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde àwa tẹ́lọ̀ kì í rí oorun sùn, ìgbéyàwó lèyí, òkú àgbà nìyẹn, ilé ṣíṣí ni tọ̀hún, ẹni tí ò tíì san owó iṣẹ́ gan-an á máa pariwo pé aṣọ òun dà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ, àmọ́ ìdí aṣọ ni mo ti rí i. Mo sì ti gbàyè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn kí n tó kọ ọ́, òun gan-an ló ní kí n kọ ọ́, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun, kí n má sì sọ àdúgbò tóun ń gbé nísinsìnyí. Àbúrò mi ni mo máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa.

Ẹni tó ń fi téèpù wọn èèyàn máa ń rí ohun tí pásítọ̀ ò rí, tí ìyá ọkọ náà ò rí. Wàá ní kí kọ́sítọ́mà gbé apá sókè kó o lè wọn àyà ẹ̀, á fa ojú ro, á ní ẹ rọra o àǹtí. Wàá yí i kó o wọn ẹ̀yìn, wàá rí ibi tó ti dúdú bí aró. O bi í pé kí lèyí, á ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Àwọn balùwẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí mà ń yọ̀ o, obìnrin nìkan ló sì ń gbé ṣubú! Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí maṣíìnì, tí mo bá ní kí n máa ka iye àwọn tó ti bọ́ sí balùwẹ̀ yẹn, ilẹ̀ á ṣú.

Lọ́dún 2022, ọdún tí Ojúde Ọba padà wá lẹ́yìn tí kòrónà ti jẹ́ ká pa á tì fún ọdún méjì, ìlú ń gbóná bí ààrò, àbúrò mi gbé aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn wá. Ó ní kí n jẹ́ kí apá bùbá gùn dé ọrùn ọwọ́, kí n sì rán ọrùn ẹ̀ pa dé. Mo ní ṣé kò sí o? Aṣọ Ojúde Ọba, tí gbogbo ayé máa fi iyùn sọ́rùn, lo ní kí n pa ọrùn ẹ̀ dé? Ó rẹ́rìn-ín. Mo fa téèpù yí i lọ́rùn, ni mo bá rí ojú ìka mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìyẹn ò jọ ti balùwẹ̀ rárá.

Kí n jẹ́wọ́ fún yín, ohun tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn ò dáa. Mo ní, "Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀? Kó jáde jàre!" Mo tiẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́, bíi pé èmi ni wọ́n fún lọ́rùn. Ó wò mí, kò bínú, kò sunkún, ó kàn ní, "Àǹtí, kí n kó lọ síbo?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi bí ẹni tó ń ka ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Ilé bàbá òun, bàbá ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti fi gbogbo yàrá háyà, èyí tó kù ni wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí. Ìyá òun wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ti sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá á se ìkọ́kọrẹ́ fóun, á fi omi gbígbóná tẹ ojú egbò fóun, tó bá di ọjọ́ kẹta á di ẹrù, á mú òun padà fún ọkọ, á tún bẹ ọkọ, torí pé kò sí ilémosú nínú ìran àwọn. Pásítọ̀ ní kóun gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ òun gbà òun sílé lọ́sẹ̀ kan, ọkọ òun lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà wọn títí lánlọ́ọ̀dù fi ní kí ọ̀rẹ́ òun náà wá ilé míì. Hòtẹ́ẹ̀lì, owó dà, ọkùnrin náà ti ní kóun ti ṣọ́ọ̀bù irun tóun ní tẹ́lẹ̀ pa, ó ní ìyàwó òun ò ní máa fọ orí fún àwọn ìyàwó onímọ́tò. Ọmọ mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀, àkọ́bí jẹ́ ọdún mẹ́tàlá, ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́sàn-án, àbíkẹ́yìn jẹ́ mẹ́fà.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí Osinachi tó máa ń kọrin ẹ̀mí kú ní oṣù kẹrin 2022, tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù mi la ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, gbogbo wa là ń pariwo pé kí ló dé tí ò kó jáde, kí ló dé, obìnrin tó lórúkọ tó lówó. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Kò dá sí i. Ó ń fa òwú tó yọ létí aṣọ ọmọ ẹ̀ ṣáá, ó ń fà á, títí etí aṣọ náà fi tú. (Oṣù kẹrin 2025 ni kóòtù gíga Àbújá tó dájọ́ ikú fún ọkọ Osinachi. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ó ní òun ti gbọ́, ó ní kí n jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì.)

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba yẹn ṣá, ó wọ bùbá ọlọ́rùn pípadé yẹn jáde, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn èèyàn tiẹ̀ wá ń bi mí pé ta ló rán sítáì tuntun yẹn, obìnrin mẹ́rin ló ní kí n rán irú ẹ̀ fún wọn. Mo rán an. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Àmọ́ ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo wá rántí ohun tí ìyá bàbá mi máa ń sọ fún wa pé láyé àtijọ́, obìnrin tí ìyà ọkọ bá ti pọ̀ jù fún á sá wọ ààfin ọba lọ, tó bá ti wọ ibẹ̀ báyìí, ọkọ ò gbọ́dọ̀ wá fà á jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín táwọn èèyàn bá ní ilé tí wọ́n ń kó obìnrin tí ọkọ ń lù pa mọ́ sí, àṣà òyìnbó ni. Òyìnbó wo? Ọdún 1971 ni Erin Pizzey ṣí tiẹ̀ ní Chiswick ní London, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní àkọ́kọ́ nínú irú ẹ̀ láyé òde òní. Ààfin ti ń gba obìnrin tó sá wọlé kí wọ́n tó bí ìyá ẹ̀. A kàn gbàgbé ni, a wá fi "lọ ní sùúrù" dípò ẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Èmi tí mi ò mọ̀ ju ká gé aṣọ ká sì lọ̀ ọ́ lọ! Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí mo máa ń ránṣọ fún, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì, ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ti ránṣọ fún un fún ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn, mo rò pé àwọn ọmọ tó sọnù ni wọ́n ń bójú tó. Ó ní gbogbo lókà gọ́fúmẹ́ǹtì ló yẹ kó ní wẹ́fíà, àwọn ló wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tó wà ní Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta, èèyàn kì í sanwó kó tó bá wọn sọ̀rọ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òfin wà. Òfin tó ń gbógun ti ìwà ipá sí ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní VAPP, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tiwọn lọ́dún 2015, ìpínlẹ̀ Ògùn náà wá ṣe tiẹ̀ ní 2017. Nínú ti àpapọ̀ yẹn, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya ẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Mo ní lílù nìkan ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Lílé aya jáde nílé wà níbẹ̀. Gbígba owó lọ́wọ́ ẹ̀ tàbí dídí i lọ́wọ́ kó má ríṣẹ́ ṣe kó lè máa tọrọ wà níbẹ̀. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù irun tí wọ́n tì pa, ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo rò pé ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ owú lásán.

Kóòtù tún lè kọ ìwé tó máa ní kí ọkùnrin náà má súnmọ́ obìnrin náà mọ́, kó má dé ilé ẹ̀, kó má dé ibi iṣẹ́ ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì gbọ́ rí. Tí ẹni tọ́rọ̀ kàn bá fọwọ́ sí i, ẹlòmíì lè bá a tọrọ ẹ̀, wẹ́fíà, tíṣà, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Mi ò ní dárúkọ tẹ́ṣàn tá a lọ torí mi ò wá wàhálà. Ẹ̀ẹ̀kan tí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ, òun nìkan ló lọ, ọ̀gá tó wà lórí káńtà ní, "Màdámù, ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé, ẹ̀yin náà, kí lẹ ṣe fún un?" Wọ́n tiẹ̀ pe ọkọ ẹ̀ lórí fóònù pé kó wá mú ìyàwó ẹ̀! Ẹ fojú inú wo bí ilé ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì, lọ́yà obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn FIDA ló tẹ̀ lé e, FIDA yìí ni ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, ó ti wà ní Nàìjíríà láti 1964, wọ́n máa ń bá obìnrin àti ọmọdé tí ò lówó ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohùn yí padà. Kì í ṣe pé lọ́yà náà pariwo o, ó kàn gbé báàgì ẹ̀ sórí káńtà, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹbí, òun sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún wọn ní àga. Mo sọ èyí torí pé ọ̀pọ̀ wa máa ń ní "a ti lọ, wọn ò ṣe nǹkan kan", a ò sì ní padà lọ mọ́. Ẹ mú ẹnìkan dání. Àjọ Legal Aid ti ìjọba àpapọ̀ náà máa ń fún tálákà ní lọ́yà ọ̀fẹ́, tí FIDA bá jìnnà sí yín.

Ọsibítù náà ní tiẹ̀. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ìyẹn dáa, àmọ́ nígbà tá a ní kí wọ́n kọ rìpọ́ọ̀tù fún wa, lọ síbí, lọ sọ́hùn-ún, ẹ lọ gba pépà wá, ẹ lọ sanwó, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti lọlé. Ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí rìpọ́ọ̀tù fi máa jáde, ojú egbò ti ń jiná. Ohun tó gbà wá ni pé wẹ́fíà yẹn ti sọ fún wa ká ya fọ́tò, ká fi sínú fóònù tèmi, kó sì pa á rẹ́ nínú tiẹ̀. Dókítà kékeré kan tó wà níbẹ̀ ló sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé. Ó wo ọrùn ẹ̀, ó bi í pé ṣé ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti fún un lọ́rùn, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó bá ti ń fún obìnrin lọ́rùn ti kọjá ẹni tó ń lù ú, ó ti ń sún mọ́ ẹni tó máa pa á, àti pé tí ohùn bá ha tàbí tí ọ̀fun ń dun èèyàn láti gbé nǹkan mì lẹ́yìn ẹ̀, kó sáré wá ọsibítù kódà tí kò bá sí ojú egbò kankan níta.

Nígbà tí mo délé mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi, ìwé tí mo ń kọ orúkọ kọ́sítọ́mà sí, àyà, ìbàdí, gígùn. Orúkọ tó wà níbẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní 2018 lórí ìlera káàkiri Nàìjíríà, nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù tàbí fìyà jẹ lára láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ò sì wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Mo fi ìka tẹ̀ lé àwọn orúkọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dákẹ́ nígbà tí mo dé orúkọ àbúrò ọkọ mi.

Ká padà sórí "síbo". Ilé ààbò wà, òun ni ìdáhùn. Ní Èkó, Project Alert ti wà láti 1999, wọ́n sì ṣí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Sophia's Place lọ́dún 2001 fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù nílé, irú ẹ̀ ò tíì sí ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ìjọba Èkó náà ní DSVA, àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ wọn ni 08000333333, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó tẹ́ ẹ kàn ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá èèyàn lò, ọmọdé ni o, àgbà ni o, Mirabel Centre wà nínú ọsibítù ìjọba LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú, WARIF náà wà ní Yábàá. Ẹ má jẹ́ kó wẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, kó sì débẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé torí òògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè wọlé. Mo mọ̀ pé ìyá máa fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ ọmọ ẹ̀, ó jẹ́ ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ dúró ná.

Ilé tí àbúrò mi lọ, mi ò ní sọ ibi tó wà, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi gan-an tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀, ibẹ̀ ni mo dúró sí, mọ́tò wọn ló wá gbé e.

Bó ṣe kúrò nílé gan-an ló yẹ kí n sọ, torí pé kò rí bó ṣe máa ń rí nínú fíìmù, kò sí òru, kò sí òjò, kò sí ẹni tó fo fẹ́ǹsì. Oṣù mẹ́rin ni a fi múra. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìgbà tí obìnrin bá ń kúrò ló léwu jù fún un, ẹni tó bá ń halẹ̀ pé "màá kó jáde lọ́la" ti ń fẹ̀mí ara ẹ̀ ṣeré. Kó má sọ fún un. Kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa gbọ́únjẹ. Ó máa ń kó nǹkan wá sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀, bíi pé ó gbé aṣọ wá fún títúnṣe, sáàtì ọkọ ẹ̀ lókè, pépà lábẹ́. Sáàtì yẹn ni mo máa ń tún ṣe lóòótọ́ o, kí ọkọ má bàa fura. Ìwé ìbí àwọn ọmọ, rìsọ́ọ̀tù súkúù wọn, ìwé NIN, káàdì ọsibítù, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ irun tó kọ́, kọ́kọ́rọ́ kejì, òògùn asthma ti àbíkẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀ wà nínú báàgì Ghana-must-go kan lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ mi, mo kó ìyókù aṣọ lé e lórí. Owó, ọ̀dọ̀ alájọ mi ló ń dá a, ẹgbẹ̀rún kan, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nígbà míì igba náírà láti inú owó ọbẹ̀, orúkọ mi ló wà lórí káàdì àjọ náà. Ọkọ ẹ̀ máa ń wo akáǹtì ẹ̀, ó máa ń wo fóònù ẹ̀, àmọ́ ta ló máa wo káàdì àjọ aránṣọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mọ́kànlá àárọ̀, ọkùnrin náà lọ Ìbàdàn. Àbúrò mi lọ sí súkúù àwọn ọmọ, ó ní òun fẹ́ mú wọn lọ ṣe ayẹ̀wò ojú. Aṣọ súkúù ló wà lára wọn nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò. Mo gbé báàgì náà fún un. Kò di mọ́ mi, kò sunkún, ó bi mí pé ṣé mo rántí fi òògùn asthma yẹn sí i.

Níbo ló wá ti le? Akọ́bí. Ilé ààbò yẹn ò gba ọmọkùnrin tó bá ti jẹ́ ọdún mẹ́tàlá, torí àwọn obìnrin míì tó wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ọkùnrin. Ó yé mi. Kò yé ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́nẹ́ ló lọ gbé fún oṣù mẹ́ta, kò bá wọn sọ̀rọ̀, kò jẹun dáadáa, ó máa ń tọ̀ sórí ibùsùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá o. Èmi tó ń kọ nǹkan yìí, mo ti fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Kánsẹ́lọ̀ tó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ká bi í kí ló ń rò lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi í. Ó ní látìgbà tóun ti pé ọdún mẹ́jọ ni òun ti máa ń sùn sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá màmá òun, kóun lè tètè jí. Ní Ìkẹ́nẹ́ yìí, òun ò mọ ẹni tó ń sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Wọ́n wá fún un láyè kó máa pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ lálẹ́, aago mẹ́jọ, ìyá á sọ fún un pé ilẹ̀kùn tí wọ́n tì níbẹ̀ jẹ́ irin, pé obìnrin kan tó sanra wà ní géètì. Ìtọ̀ náà dín kù. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ní tiẹ̀ wà pẹ̀lú ìyá, wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ní pépà àti kírẹ́yọ́nù níbẹ̀ kí wọ́n máa yàwòrán, ilé ló máa ń yà, ilé tí kò ní fèrèsé. Lẹ́yìn oṣù kejì ó fi fèrèsé kan sí i. Ìyá ẹ̀ ló ní kí n kọ ìyẹn síbí.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lè lò nínú ilé yẹn. Ìbéèrè ọjọ́sí wá tún dé, síbo? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà tẹ́ ò bá tíì jẹ́ obìnrin tó ń wá ilé gbé láìsí ọkọ. Ní Ṣágámù, ojú ilé méje la wò. Éjẹ́ǹtì á ní owó ọdún méjì, kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́tọ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, tá a bá ti gbà, lánlọ́ọ̀dù á ní "ọkọ wọn ńkọ́?" Ọ̀kan ní òun ò fún dálémosú nílé. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lójú ẹ̀, lójú àwọn ọmọ. Obìnrin opó kan ló padà fún wọn ní yàrá kan àti pálọ̀, ó gba owó ọdún kan, kò bi wọ́n ní nǹkan kan, ó kàn ní kí àwọn ọmọ má ya ìwé síbi ògiri.

Ó ti padà sídìí irun. Abẹ́ agboòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ní kíóòsì báyìí.

Àwọn ẹbí ọkọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ní èmi ni mo fọ́ ilé ọmọ àwọn. Mo purọ́ fún wọn pé mi ò mọ ibi tó wà, ara mi sì yá gágá bí mo ṣe ń purọ́ ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá ló lọmọ?" Gbólóhùn yẹn ti pa obìnrin púpọ̀, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń padà. Ní kóòtù, kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n lọ torí ìdána ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, adájọ́ ò bèèrè ta ló lọmọ. Ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní ló ń wá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003 ní ti ìjọba àpapọ̀, ti Ògùn wáyé ní 2006, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ire ọmọ ṣáájú. Adájọ́ pe akọ́bí, ó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá, ó ní kí bàbá máa san owó oúnjẹ àti owó súkúù lóṣooṣù, kó sì máa rí wọn ní gbangba, níwájú wẹ́fíà.

Ó san án lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà yẹn, ó ní ọjà ò tà. Ọkùnrin tó ra mọ́tò tuntun!

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni kóòtù tún pè wọ́n lórí owó yẹn, mo ti ní màá tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ń lọ súkúù lọ́jọ́ náà, opó tó fún wọn nílé ló máa lọ mú wọn. Aṣọ ẹbí mẹ́tàdínlógún ṣì wà nílẹ̀ níbí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, NEPA ti mú iná láti àná, ẹni tó ni ìgbéyàwó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá epo sí jẹnẹrétọ̀.